Bí Ọ̀dà Ṣe Wọ Inú Ẹ̀rọ: Ìtàn Àwòrán Yíyà Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1973, ní ìlú Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Richard Shoup mú páálí kan dání, ó sì dúró níwájú kámẹ́rà. Ohun tó kọ sára páálí náà ni pé ẹ̀rọ òun ti ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì kù díẹ̀ káàtó. Àwòrán yẹn ni ẹ̀rọ náà gbà sínú, tó tọ́jú, tó sì tún gbé jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. SuperPaint ni Shoup sọ ọ́. Ilé ìwádìí Xerox ló gbà á síṣẹ́, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lè lò ni wọ́n sì ń retí. Ní tirẹ̀, ohun tí wọ́n lè fi kun àwòrán ló ń kọ́.

Àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀. Ní 1963, Ivan Sutherland, akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, ṣe Sketchpad, ó sì ń fi kálámù oníná ya ìlà sójú ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TX-2. Nígbà tó di ọdún kejì, àjọ RAND ṣe pátákó pẹlẹbẹ kan tí èèyàn lè gbé sórí tábìlì kó sì máa fi kálámù kọ nǹkan sí i, kí ohun tó kọ máa hàn lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìlà lásán ni gbogbo rẹ̀, ìlà tó gún tó sì mọ́, tó wúlò fún àwọn tí ń ya àwòrán ilé àti afárá. Àwọ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun tó jọ ọ̀dà.

Ohun tuntun tí SuperPaint mú wá ni ibi ìpamọ́ tó fẹ̀ tó láti rántí àwọ̀ gbogbo ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní píksẹ̀lì. Ayàwòrán lè lo àwọ̀ 256 lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì ṣà wọ́n láti inú àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16. Ó lè mú gbọ́ọ̀ṣì tó wù ú, ńlá tàbí kékeré. Ó lè yan àwọ̀ lójú ẹ̀rọ gan-an, kó fi kálámù kùn ún sórí pátákó. Ẹni tó bá ṣí sọ́fítíwíà àwòrán èyíkéyìí lónìí yóò bá gbogbo nǹkan wọ̀nyí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn yìí fi yẹ kó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán: àwọn irinṣẹ́ tó lágbára jù nínú sọ́fítíwíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìráhùn ẹnìkan tó mọ ọ̀dà dáadáa, tí kò sì rí ohun tó fẹ́ lára ẹ̀rọ. Ẹni tó bá mọ ìráhùn náà á mọ ohun tí wọ́n ṣe irinṣẹ́ náà fún, á sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Alvy Ray Smith wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ráhùn. Ọ̀mọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n ó ń kun àwòrán pẹ̀lú. Nígbà tó yà sọ́dọ̀ Shoup ní 1974, tó fojú rí SuperPaint, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ìmọ́lẹ̀ ewé àti ìmọ́lẹ̀ aró ni ojú ẹ̀rọ ń pò pọ̀ láti fi ṣe gbogbo àwọ̀, iye mẹ́ta wọ̀nyí náà ni ẹ̀rọ sì ń bi ayàwòrán. Ta ni ayàwòrán tó lè dáhùn? Bí wọ́n bá ní kó sọ iye àwọ̀ ewé tó wà nínú búráùn ara igi ọ̀pẹ, yóò kàn máa wo ẹni tó bi í ni. Ohun tí ayàwòrán ń bi ara rẹ̀ yàtọ̀: irú àwọ̀ wo ni? Ṣé ó kì ni, àbí ó ṣàn? Ṣé ó tàn, àbí ó ṣókùnkùn? Smith jókòó, ó ṣe ìṣirò tó ń sọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. HSV ni wọ́n ń pe ètò náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìmọ̀ ní 1978. Àgbá àwọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìka yí lórí fóònù lónìí, ìran ètò yẹn ni.

Xerox kò rí ohun tí wọ́n lè fi àwọ̀ ṣe ní ọ́fíìsì. Dúdú àti funfun ni wọ́n yàn, nígbà tó sì di 1975, Smith ti kúrò níbẹ̀. Òun àti David DiFrancesco wá ibi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tún wà kiri, wọ́n sì rí i ní New York Institute of Technology ní Long Island. Alexander Schure, tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ń náwó sórí kọ̀ǹpútà láìwẹ̀yìn, nítorí ó fẹ́ fi ṣe fíìmù kàtúùnù.

Fíìmù kàtúùnù yìí ló bí ohun tí gbogbo ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ń pè ní léyà. Láti bí ọdún 1914, nígbà tí Earl Hurd gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ni àwọn onífíìmù kàtúùnù ti ń ya èèyàn sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń gbé e lé orí àwòrán ilé tàbí igbó tí wọ́n ti kùn sílẹ̀. Bí èèyàn inú fíìmù bá gbẹ́sẹ̀, òun nìkan ni wọ́n á tún yà. Igbó á wà bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà kò mọ irú ọgbọ́n yìí. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá kùn lé orí òmíràn ti pa ti ìsàlẹ̀ rẹ́ pátápátá nìyẹn, etí rẹ̀ á sì máa rí wúruwùru. Ní 1977, Smith àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Ed Catmull fi iye kẹrin kún iye àwọ̀ mẹ́ta tí píksẹ̀lì ní, iye tó ń sọ bóyá ẹ̀kán náà dí, tàbí ó mọ́ gaara, tàbí ó wà láàrin méjèèjì. Alpha lorúkọ rẹ̀. Ní 1984, Thomas Porter àti Tom Duff, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Lucasfilm nígbà náà, kọ ìṣirò bí àwòrán kan ṣe ń gun orí òmíràn sílẹ̀ kúnnákúnná, ìṣirò náà ni àwọn sọ́fítíwíà sì ń tẹ̀ lé títí di òní.

Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ọgbọ́n yìí tó kan ayàwòrán tí kò ní olówó lẹ́yìn. Thomas Knoll, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sọ́fítíwíà kan ní 1987 pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ fíìmù Industrial Light & Magic. Adobe gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 1990 pẹ̀lú orúkọ Photoshop. Fọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán kò jẹ́ kó mọ sórí fọ́tò nìkan. Léyà wọ inú rẹ̀ ní 1994, pẹ̀lú ẹ̀dà kẹta.

Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń lo léyà jọ ti àwọn onífíìmù ìgbà àtijọ́: ìlà àkọ́yà wà lórí ọ̀kan, àwọ̀ ìpìlẹ̀ wà lórí ìkejì, òjìji wà lórí ìkẹta. Wọ́n á sọ léyà òjìji di irú èyí tí ń mú ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn láì bò ó, tí wọ́n ń pè ní Multiply. Wọ́n á wá ti etí àwọ̀ ìpìlẹ̀ pa, kí gbọ́ọ̀ṣì má lè kọjá rẹ̀ bó ti wù kí ọwọ́ gbọ̀n tó. Ìyá aládìrẹ ní Abẹ́òkúta mọ irú ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀: ibi tó bá fi ẹ̀kọ láfún bò, aró kò ní mú un. Ṣùgbọ́n àṣejù wà nínú léyà o. Ẹni tó bá to léyà ọgọ́ta jọ nínú àwòrán kan kì í mọ èyí tí ojú wà mọ́, ẹ̀rù ni kò sì jẹ́ kó pò wọ́n pọ̀. Àwọn tó dáńtọ́ máa ń pò wọ́n pọ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, wọ́n á sì máa kùn lé e lórí tààrà bíi pé kánfáàsì gidi ni.

Ọgbọ́n kan tún wà tí léyà sọ di tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ ní Yúróòpù. Àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ níbẹ̀ a máa fi àwọ̀ eérú, funfun àti dúdú kun gbogbo àwòrán tán, kí wọ́n tó wá fi ọ̀dà olóròóró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní àwọ̀ bò ó. Ìdí wọn ni pé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ń gbé àwòrán dúró. Bí ìyẹn bá wọ́, kò sí àwọ̀ tó lè gbà á là. Ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: kó parí àwòrán ní eérú, kó ṣí léyà mìíràn lé e lórí, kó sì sọ ọ́ di irú èyí tí ń fún ohun ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ nìkan. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ṣì ń fi í ṣe ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìráhùn kejì ni ti ọwọ́. Máòsì kò mọ̀ bóyá èèyàn tẹ nǹkan tàbí ó kàn fọwọ́ bà á. Ìlà tó bá fà nípọn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà tó jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń tẹ èédú tàbí pẹ́ńsùlù ni àwòrán ti ń rí ẹ̀mí gbà. Iléeṣẹ́ Quantel ní ìlú Newbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Paintbox jáde ní 1981, kálámù rẹ̀ sì mọ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá nìkan lowó wọn tó o. Ní àárín àwọn ọdún 1980, BBC pe àwọn ayàwòrán olókìkí láti wá gbìyànjú rẹ̀ wò níwájú kámẹ́rà, David Hockney sì wà lára wọn. Nígbà tó yá, Quantel pe Adobe lẹ́jọ́ pé ó jí ọgbọ́n òun lò nínú Photoshop. Ní 1997, ilé ẹjọ́ ní Delaware dá Adobe láre. Iṣẹ́ tí Shoup, Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣe ṣáájú Paintbox wà lára ẹ̀rí tó fi hàn pé ọgbọ́n náà kì í ṣe ti Quantel nìkan.

Wacom ló wá mú kálámù dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ní Japan ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1983. Kálámù wọn kò ní okùn, kò sì ní bátìrì nínú. Pátákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì bọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n ń ṣe lónìí lè mọ ìyàtọ̀ títẹ̀ tó 8,192. Iye yẹn dùn létí ẹni tí ń tajà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ayàwòrán ni kó wọ inú ètò sọ́fítíwíà rẹ̀, kó tún bí kálámù ṣe ń gba títẹ̀ ṣe kó bá ọwọ́ òun mu. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ kò lè lo ètò kan náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ń jìyà pátákó fún ọdún pípẹ́ nítorí wọn kò fọwọ́ kan ibẹ̀ rí.

Láàrin àkókò yìí, kọ̀ǹpútà kékeré ti wọ ilé. MacPaint tí Bill Atkinson kọ fún Macintosh dé ní 1984, dúdú àti funfun péré, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń yí ibi tí wọ́n fẹ́ mú po, àti garawa tí wọ́n fi ń da ọ̀dà. Ó tún fún ayàwòrán láǹfààní láti pa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe rẹ́ bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú Photoshop, títí di 1998 tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ni wọn kò lè padà sẹ́yìn ju ìgbésẹ̀ kan lọ. Ẹni tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mejì ti ṣì í. Ní oṣù Keje ọdún 1985, gbajúmọ̀ ayàwòrán Andy Warhol kun àwòrán olórin Debbie Harry lórí kọ̀ǹpútà Amiga níwájú àwọn èrò ní Lincoln Center, New York. Àwọn àwòrán mìíràn tó yà fúnra rẹ̀ lórí Amiga wà nínú díìsìkì láìsí ẹni tó rí wọn, títí di 2014 tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon yọ wọ́n jáde ní Pittsburgh.

Ní 1991, Mark Zimmer àti Tom Hedges ní iléeṣẹ́ Fractal Design gbé sọ́fítíwíà Painter jáde, inú agolo ọ̀dà ni wọ́n sì ń kó o sí láti tà. Ohun tí wọ́n lépa ni pé kí èédú ṣe bí èédú, kí ọ̀dà olómi sì ṣe bí ọ̀dà olómi. Wọ́n fún pépà inú kọ̀ǹpútà ní ojú tó ṣe kúlúkùlú, kí ṣọ́ọ̀kì lè mú ibi tó yọ sókè kó sì fo ibi tó jìn. Púpọ̀ nínú ohun tí gbọ́ọ̀ṣì ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà lónìí ti ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà yẹn kan náà ni Craig Mullins, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Art Center ní Pasadena, ń fi Photoshop kun àwòrán fún fíìmù àti eré kọ̀ǹpútà lọ́nà tí àwọn tó rí wọn fi rò pé ọ̀dà olóròóró ni. Àwòrán rẹ̀ kọ́ ìran kan pé gbọ́ọ̀ṣì ńlá tí etí rẹ̀ le ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Gbọ́ọ̀ṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń fẹ́ ọ̀dà bí èéfín ló ń fa ojú ọmọdé mọ́ra, òun náà ló sì ń sọ àwòrán di ohun tó rọ̀ wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀, tí kò ní egungun. Ó tún dára kí wọ́n ya àwòrán ní kékeré ṣáájú, kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀, òkùnkùn àti àárín wọn nìkan ṣe é, kí wọ́n sì máa yí i padà bí ẹni ń wò ó nínú dígí, kí ojú lè rí ibi tó wọ́. Àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ ní dígí gidi nínú ilé iṣẹ́ wọn fún iṣẹ́ yìí. Bọ́tìnnì kan ló ń ṣe é báyìí.

Owó ni ìráhùn tó kàn. Spencer Kimball àti Peter Mattis, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Berkeley, bẹ̀rẹ̀ sọ́fítíwíà GIMP ní 1995, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Krita tún wá láti inú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe KDE. Ní bíi 2009, àwọn tí ń kọ ọ́ pinnu pé àwọn kò ní bá Photoshop du fọ́tò mọ́, pé ti ayàwòrán nìkan ni àwọn máa ṣe. Ìpinnu yẹn ló gbà á là. David Revoy, ayàwòrán ará Faransé, fi í ṣe àwòrán àlọ́ Pepper&Carrot láti 2014, ẹnikẹ́ni sì lè gba àlọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, kó tún un lò. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ìbàdàn lè fi Krita bẹ̀rẹ̀ lónìí láìsan kọ́bọ̀.

Hockney tún padà wá nígbà tí fóònù dé. Láti 2009 ló ti ń fi ìka ya òdòdó sórí iPhone, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 2012, Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ nípa bí ìgbà ìrúwé ṣe dé sí Woldgate kọ́, àwòrán iPad 51 ló sì wà nínú rẹ̀. Sọ́fítíwíà àwòrán Procreate, tí iléeṣẹ́ Savage ní Tasmania ṣe, ti jáde ní 2011, kálámù Apple Pencil sì tẹ̀ lé e ní 2015.

Síbẹ̀, ìráhùn kan wà tó ju ogójì ọdún lọ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Bí ọmọ ilé ìwé bá po ọ̀dà aró mọ́ ọ̀dà òféfèé, àwọ̀ ewé ló máa rí. Bó bá pò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, eérú ló máa rí, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ń pò, kì í ṣe ọ̀dà. Ìṣirò bí ọ̀dà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mì, tó sì ń dá òmíràn padà ti wà nílẹ̀ láti 1931, iṣẹ́ Paul Kubelka àti Franz Munk ni, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún sọ́fítíwíà tí ń fi iye mẹ́ta péré rántí àwọ̀. Ní 2021, Šárka Sochorová àti Ondřej Jamriška ní Prague rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè fi í pamọ́ sẹ́yìn iye mẹ́ta náà, tí sọ́fítíwíà kò fi ní yí ètò rẹ̀ padà. Mixbox ni wọ́n pè é. Rebelle, tí iléeṣẹ́ Escape Motions ní Slovakia ṣe, ti ń lò ó, aró àti òféfèé sì ń di ewé nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: kó yan àwọ̀ àárín fúnra rẹ̀ láti inú àgbá àwọ̀, kó má fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti pò.

Ní Nàìjíríà, àwọn ayàwòrán ti fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó rò ó. Osinachi, tó dàgbà ní Aba, kò lo Photoshop tàbí Painter. Microsoft Word, tí àwọn èèyàn fi ń kọ lẹ́tà, ló fi ń ya àwòrán èèyàn aláwọ̀ dúdú. Ilé gbàǹjo Christie's ta iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2021. Ní Èkó, Comic Republic tí Jide Martin dá sílẹ̀ ní 2013 ń gbé ìwé akọni jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2024, eré kàtúùnù alápá púpọ̀ Iwájú tí iléeṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe gbé Èkó ọjọ́ iwájú sójú ayé.

Àmọ́ iṣẹ́ ayàwòrán Chidiebere Ibe ló tọ́ka sí ìráhùn tó kù jù lọ. Ní ìparí 2021, àwòrán tó yà nípa ọlẹ̀ aláwọ̀ dúdú nínú ikùn ìyá rẹ̀ tàn kárí ayé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìwé ìṣègùn. Irú àìsí yìí wà nínú ẹ̀kọ́ àwòrán pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀ ara ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ara òyìnbó, ọmọ tó bá sì fẹ́ ya ìyá rẹ̀ á mú búráùn, á fi dúdú ṣe òjìji rẹ̀, á fi funfun ṣe ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ara náà á wá rí bí ẹni tí eérú bò. Àwọ̀ dúdú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dán, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ orí rẹ̀ kéré, ó sì mú. Bí èèyàn bá wà níta, aró ojú ọ̀run ló ń bà lé iwájú orí àti èjìká. Ilẹ̀ pupa ń tan ìmọ́lẹ̀ padà sábẹ́ àgbọ̀n. Òjìji etí àti ihò imú ń fà sí pupa. Ẹni tó bá fẹ́ mú ara ṣókùnkùn lórí àgbá àwọ̀ kò gbọ́dọ̀ fà á lọ sísàlẹ̀ tààrà. Kó tún yí irú àwọ̀ náà díẹ̀ sápá pupa tàbí sápá aró, bí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ bá ṣe rí, kó jẹ́ kí àwọ̀ náà kì sí i dípò kó ṣàn. Àwọn ayàwòrán kan ti ń ṣa àwọ̀ ara àwọn ènìyàn wọn láti inú fọ́tò ọ̀sán gangan àti ti alẹ́, wọ́n ń tọ́jú wọn sínú páléètì Procreate tàbí Krita, wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara wọn.